Wo aláìsàn kí o tó wo ẹ̀rọ: ìtọ́sọ́nà fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń kọ́ ọ

Akẹ́kọ̀ọ́ kan sáré wá bá mi ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan, àyà rẹ̀ ń já. Ó ní ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ìyá kan ti já wálẹ̀ sí 79 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo tẹ̀ lé e lọ. Ìyá náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ètè rẹ̀ kò ṣú, èémí rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́. Mo fọwọ́ kan ìka tí wọ́n fi ẹ̀rọ há. Ó tutù nini, kútẹ́ẹ̀sì dúdú sì wà lórí èékánná rẹ̀. A nu kútẹ́ẹ̀sì náà kúrò, a fi aṣọ wé ọwọ́ ọ̀hún títí ó fi móoru, a tún fi ẹ̀rọ há a. Ó kà 97.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣe ohun tó burú bó ṣe sáré pè mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ ti dé ara ẹ̀rọ kó tó dé ara ìyá yẹn. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ ìgbàlódé, mo sì ti rí ẹ̀mí tí wọ́n bá wa gbà là. Ṣùgbọ́n ètò wà nínú bí a ṣe ń lò wọ́n, ètò yẹn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà

Kí o tó gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ìlù ọkàn tó ń tàn lójú ẹ̀rọ, fi ìka méjì sí ọrùn-ọwọ́ aláìsàn, kí o kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ máa sọ fún ọ pé 88 ni. Ìka rẹ ló máa sọ fún ọ pé ìlù náà ń fo, ó ń dúró, ó tún ń sáré. Tí ó bá sì ń lọ ségesège bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè ṣì í kà, nítorí náà mú stethoscope rẹ kí o fi etí ara rẹ gbọ́ ọ.

Mímí ni àwọn èèyàn ń fojú kéré jù lọ. Ka iye ìgbà tí àyà gbéra ní odidi ìṣẹ́jú kan, má sì sọ fún aláìsàn pé o ń kà á, nítorí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun kò ní mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ mọ́. Èmi máa ń di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni pé ìlù ọkàn ni mo ṣì ń kà, ojú mi á sì wà ní àyà rẹ̀.

Ní ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, jẹ́ kí aláìsàn sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ibi tó fara tì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá rẹ̀ wà ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn. Wo ìwọ̀n aṣọ tí o ń wé mọ́ apá dáadáa: rọ́bà tó ń gba afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún apá náà ká. Bí ó bá kéré jù, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tí ara rẹ̀ le ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí ẹ̀rọ olówó gọbọi tó lè bá ọ tún èyí ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: mọ ohun tí ẹ̀rọ ọ́síjìn ń rí àti ohun tí kò rí

Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka yìí ń tan iná méjì, ọ̀kan pupa, èkejì kò ṣeé fojú rí. Ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn àti èyí tí kò ní kì í gba iná méjèèjì mu bákan náà. Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ará Japan, ló rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 pé tí a bá wo ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ kúlú nínú iṣan nìkan, a lè mọ iye ọ́síjìn inú rẹ̀ láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Tí ohun yìí bá yé ọ, o ti mọ ohun tó máa ń bà á jẹ́ nìyẹn. Bí ọwọ́ bá tutù, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Bí aláìsàn bá ń gbọ̀n, ẹ̀rọ á rò pé ìgbọ̀n náà ni ìlù ọkàn. Kútẹ́ẹ̀sì ń dí iná lọ́nà. Ẹni tí èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí ti èédú pa lára ló sì ń tanni jẹ jù, torí gáàsì inú èéfín ọ̀hún á lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á sì kà á bí ọ́síjìn. Nọ́ńbà á dára, èèyàn á sì máa kú lọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo nọ́ọ̀sì fi sọ́kàn. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi ohun tí ẹ̀rọ ìka kà wé ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan àlọ sọ. Nínú àwọn tí ẹ̀rọ sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96, àwọn tí ti ẹ̀jẹ̀ wọn gan-an kò tó 88 jẹ́ ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, àti ìdá 3.6 láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ yìí lè máa fi ọkàn rẹ balẹ̀ lórí aláìsàn aláwọ̀ dúdú tí kò ní ọ́síjìn tó. Nítorí náà, tí o bá rí 93 lára ẹni tí imú rẹ̀ ń fẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ ń fà, tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, má ṣe dúró de 88. Pe dókítà.

Bí wàá ṣe lò ó nìyí: nu èékánná, fi ọwọ́ bo ìka títí á fi móoru, fi ẹ̀rọ há a, kí o sì dúró títí nọ́ńbà á fi fìdí múlẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi ìlù ọkàn tí ẹ̀rọ kọ wé èyí tí ìka tìrẹ kà. Tí méjèèjì kò bá dọ́gba, má gba nọ́ńbà ọ́síjìn yẹn gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kọ òótọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀

Orúkọ tìrẹ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tìrẹ ni kí o fi wọlé. Má yá ẹnikẹ́ni, má sì yá ti ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọ̀gá rẹ ló ní kí o máa bá òun tẹ̀ ẹ́. Kí o tó tẹ ohunkóhun, ka orúkọ tó wà lókè ojú kọ̀ǹpútà, kí o sì fi wé èyí tó wà lára ìdè ọrùn-ọwọ́ aláìsàn. Má ṣe da àkọsílẹ̀ àná kọ lónìí. Mo ti ka fáìlì kan rí tí wọ́n kọ fún ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀léra pé ẹsẹ̀ aláìsàn méjèèjì ń gbóná dáadáa, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gé ọ̀kan nínú wọn ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò bí àìsàn ṣe le tó. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni NEWS, tí Royal College of Physicians ní Lọ́ńdọ̀nù gbé jáde ní 2012, tí wọ́n sì tún ṣe sí NEWS2 ní 2017. Ó ń wo mímí, ọ́síjìn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìlù ọkàn, ìgbóná ara àti bí aláìsàn ṣe jí sí, ó sì ń ṣàfikún bóyá ó wà lórí ọ́síjìn. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀. Tí àpapọ̀ máàkì bá pé 5, ó ti di ọ̀rọ̀ kíákíá. Tí ó bá pé 7, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Kódà bí ohun kan ṣoṣo bá gba 3, ó yẹ kí wọ́n wá wo aláìsàn náà.

Wàyí o, fojú inú wo ẹni tó ń mí ní ìgbà 26 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mímí rẹ̀ nìkan ti fún un ní 3. Ṣùgbọ́n ó rẹ nọ́ọ̀sì, kò kà á, ó kàn kọ 20. Òdo ni kọ̀ǹpútà máa fún 20. Ẹ̀rọ kò parọ́, àwa la parọ́ fún un, òun sì bá wa ṣe ìṣirò irọ́ náà láìṣì í. Wọ́ọ̀dù tí gbogbo aláìsàn ibẹ̀ ti ń mí ní 20, láti bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, ẹnikẹ́ni kò ka èémí níbẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ibi tí o bá gbé kọ̀ǹpútà sí sì ní ipa tirẹ̀. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kí o má kọ ẹ̀yìn sí aláìsàn. Sọ fún un pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ sọ fún mi ni mò ń kọ sílẹ̀ báyìí,” kí ó má baà rò pé fóònù ni ò ń tẹ̀. Tí o bá parí, jáde kúrò nínú àkọsílẹ̀ náà kí o tó kúrò nídìí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fún ni lóògùn pẹ̀lú báàkóòdù láìwá ọ̀nà ẹ̀bùrú

Nọ́ọ̀sì ló ronú kan báàkóòdù oògùn, ìyẹn àmì onílà tí ẹ̀rọ ń kà. Ní nǹkan bí 1992, Sue Kinnick, nọ́ọ̀sì kan ní Kansas, lọ dá ọkọ̀ tó háyà padà. Ó rí i bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe fi ẹ̀rọ ọwọ́ ka àmì ara ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ sì parí ní wàrà-wàrà. Ó bi ara rẹ̀ pé, bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún mọ́tò, ṣé a kò lè ṣe é fún aláìsàn? Ìwádìí kan tó jáde ní Boston ní 2010 fi hàn pé báàkóòdù mú kí àṣìṣe oògùn, yàtọ̀ sí ti àkókò, wálẹ̀ láti 11.5 sí 6.8 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ aláìsàn: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín àti ọjọ́ ìbí yín?” Má béèrè pé “Ṣé ẹ̀yin ni lágbájá?” torí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá á kàn dá ọ lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ka báàkóòdù ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Ka ti oògùn kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀, kí o má já a kúrò nínú páálí rẹ̀ kí o tó kà á. Wo ojú ẹ̀rọ. Fún un, dúró títí yóò fi gbé e mì, lẹ́yìn náà kí o wá fọwọ́ sí i pé o ti fún un.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú ló ń ba gbogbo èyí jẹ́. Ìwádìí mìíràn ní 2008 rí irú ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn nọ́ọ̀sì ń dá sí báàkóòdù. Àwọn kan lẹ báàkóòdù aláìsàn mọ́ férémù ilẹ̀kùn tàbí mọ́ ara kẹ̀kẹ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má baà jí i lójú oorun. Àwọn kan ti ka oògùn aláìsàn mẹ́ta sínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí tíréè kan. Èmi kò dá wọn lẹ́bi títí, torí mo mọ bí iṣẹ́ ṣe ń wọni lọ́rùn, ìdè ọrùn-ọwọ́ sì lè rin omi kí ẹ̀rọ má kà á mọ́. Tí kò bá kà á, tẹ ìdè mìíràn jáde, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe mọ̀.

Bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí èèyàn fo ìkìlọ̀ kọjá ni kí o bẹ̀rù jù. Ní 2017, ní Tennessee ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì kan ń wá oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ tí orúkọ ìtajà rẹ̀ ń jẹ́ Versed nínú kọ́bọ́ọ̀dù oògùn oníkọ̀ǹpútà. Ó tẹ V àti E. Midazolam ni kọ́bọ́ọ̀dù mọ oògùn náà sí, torí náà kò rí i. Ó fo ìkìlọ̀, ó tún tẹ lẹ́tà méjì yẹn, vecuronium sì jáde, oògùn tó ń rọ gbogbo iṣan ara títí kan èyí tí a fi ń mí. Ìkìlọ̀ wà lórí ìdérí ìgò náà. Aláìsàn náà kú, ilé-ẹjọ́ sì dá nọ́ọ̀sì náà lẹ́bi ní 2022. Mò ń sọ èyí fún gbogbo kíláàsì tí mo bá kọ́, mi ò sì sọ ọ́ láti fi nọ́ọ̀sì yẹn ṣẹ̀sín, torí àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Tí o bá fẹ́ fo ìkìlọ̀, dúró, ka orúkọ ara ìgò sókè lẹ́tà lẹ́tà, kí o sì pe ẹnì kejì kó bá ọ wò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: pọ́ǹpù díríìpù

Ṣe ìṣirò rẹ lórí bébà kí o tó fọwọ́ kan bọ́tìnì. Omi 1000 mìlílítà fún wákàtí 8 jẹ́ 125 fún wákàtí kan. Bí ìka bá yọ̀ tí o tẹ 1250, gbogbo omi yẹn á wọ inú ara aláìsàn láàárín ìṣẹ́jú 48. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára lè rì sínú rẹ̀. Nígbà tí o bá ń kọ iye oògùn, kọ 0.5, má kọ .5, kọ 5, má kọ 5.0, torí àmì kékeré yẹn máa ń sá mọ́ni lójú, 5.0 á di 50. Jẹ́ kí ẹnì kejì dá ìṣirò tirẹ̀ ṣe láìwo tìrẹ. Lẹ́yìn náà, fi ìka tẹ̀ lé okùn díríìpù láti ara ìgò dé ara aláìsàn kí o tó tan pọ́ǹpù.

Tí ẹ̀rọ bá ń ké, aláìsàn ni kí o kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó pa igbe náà. Tí ẹ̀rọ kan bá ń ké lásán ní gbogbo ìgbà, jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí igbe tí a ti mọ́ lára kò ní jí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́: ọmọláńgidi kò lè kọ́ni fúnra rẹ̀

Ní 1911 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọláńgidi tó ga bí èèyàn kọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn Hartford ní Amẹ́ríkà. Mrs. Chase ni wọ́n sọ ọ́. Ní 1960, Åsmund Lærdal ará Norway ṣe Resusci Anne tí a fi ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Ti òde òní ń mí, ń láàgùn, ń sọ̀rọ̀. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2014, tí akẹ́kọ̀ọ́ 666 láti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé bí a bá fi irú ìdánrawò yìí rọ́pò tó ìdajì nínú gbogbo wákàtí tí wọ́n ń lò ní wọ́ọ̀dù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ló darí wọn, ibẹ̀ gan-an ni agbára ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ kí eré ìdánrawò náà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ibi tí èèyàn ti lè ṣàṣìṣe láìpa ẹnikẹ́ni lára nìyí. Eré náà kò gbọ́dọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó yíká, kí ẹ sì lo àkókò tó ju ti eré lọ láti sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè pé: “Kí lo rí? Kí lo rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó o rí i? Kí ló mú kó o ṣe ohun tó o ṣe?” Kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Olùkọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ìwọ ṣe é tì” ti pa ẹ̀kọ́ náà.

Bí owó ọmọláńgidi olóhùn kò bá sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan di aláìsàn, kí fóònù máa fi nọ́ńbà hàn bí ẹ̀rọ wọ́ọ̀dù. Fún títẹ àyà, fóònù lè máa lu ìlù 110 ní ìṣẹ́jú kan sí wọn létí, torí láàárín 100 sí 120 ló yẹ kó wà, kí àyà àgbàlagbà sì wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6. Bí ẹ bá ká eré náà sórí fídíò, ẹ gba àṣẹ wọn, kí ẹ sì pa á rẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Fóònù rẹ àti ọgbọ́n àtọwọ́dá

Fi ọtí ìfọwọ́ tó jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún nu fóònù rẹ kí o tó wọ wọ́ọ̀dù àti nígbà tí o bá ń jáde. Má ya àwòrán aláìsàn sórí fóònù ara rẹ, ì báà jẹ́ ọgbẹ́ nìkan, torí àmì ara, ìdè ọrùn-ọwọ́ àti bẹ́ẹ̀dì ń tú àṣírí. Má gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá wúlò fún ìdánrawò: ní kó bi ọ ní ìbéèrè mẹ́wàá lórí ìtọ̀ ṣúgà, kí o dáhùn, kí o sì ní kó ṣàlàyé ibi tí o ti ṣì í. Ṣùgbọ́n ó lè hùmọ̀ iye oògùn tí kò sí níbì kan, kó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Iye oògùn tí o bá rí níbẹ̀, wá a nínú ìwé oògùn tí ilé-ìwòsàn rẹ ń lò, kí o sì béèrè lọ́wọ́ apoògùn. Má tẹ orúkọ tàbí ìtàn aláìsàn sínú rẹ̀ láéláé.

Bí o bá ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí fídíò

Béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ibi tó wà lọ́wọ́lọ́wọ́, nọ́ńbà tí wàá pè bí ìpè bá já, àti ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, torí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí aláìsàn kò ní sọ lójú ẹlòmíràn. Tí o bá fẹ́ wo ọgbẹ́, jẹ́ kí iná wà níwájú rẹ̀, kó má wà lẹ́yìn. Ní kó mú àpò oògùn rẹ̀ wá, kó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sójú kámẹ́rà. Kí ẹ tó pínyà, sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe máa lo oògùn yìí, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé rẹ̀ yé yín.” Tí abẹ́rẹ́ insulin bá wà nínú rẹ̀, ní kó fi bó ṣe ń gún un hàn ọ́. Mo ti rí bàbá kan tó ń fi ìdérí inú sílẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ fún oṣù kan gbáko, ṣúgà rẹ̀ kò sì wálẹ̀. Fídíò la fi rí i.

Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kú

Ní May 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní WannaCry ti ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn pa ní England, wọ́n sì ní láti padà sí bébà àti bírò. Iná tó lọ tàbí íntánẹ́ẹ̀tì tó já lè ṣe irú rẹ̀ fún ọ lálẹ́ òní. Mọ dúrọ́ọ̀ tí bébà àkọsílẹ̀ wà, kí o sì mọ ibi tí wọ́n ń tẹ àtòjọ oògùn aláìsàn sí. Kọ aago sí ohun gbogbo tí o bá ṣe. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí, aago tí o fún ni lóògùn gan-an ni kí o tẹ̀ wọlé, má tẹ aago tí o ń tẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ lè fún aláìsàn ní oògùn tó kàn ní àkókò tí kò yẹ. Jẹ́ kí ẹnì kejì máa ka bébà sí ọ létí bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ parí rẹ̀ kí aago oògùn tó kàn tó lù, kí ẹ sì fi bébà náà sínú fáìlì.